Afárá Òmìrán: Ṣé Irọ́ Ni Ìtàn Ìwáṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ara mi kì í gbà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ìwáṣẹ̀ ní kíláàsì, tí a dé ibi tí ènìyàn ti di odò tàbí tí akọni ti fẹsẹ̀ tẹ àpáta tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì hàn, ẹnìkan á nawọ́ sókè, á ní: “Ọ̀gá, àwọn baba wa kò mọ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe ń parọ́ báwọ̀nyẹn.” Àwọn ìyókù á rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á dìde láti gbèjà àwọn baba, tirẹ̀ á sì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: á ní kò sí ohun tí sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí tí àwọn baba wa kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé inú ìtàn ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí. Èmi kò fara mọ́ ti èkínní, n kò sì fara mọ́ ti èkejì. Kí ó má baà dà bí ẹni pé mo ń gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wa, ilẹ̀ òkèèrè ni mo fẹ́ mú wa lọ lónìí, síbi tí a kò ti ní baba tí a ó gbèjà: etí òkun apá àríwá Antrim, ní Àríwá Írẹ́lándì.

Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbé mi dé Belfast. Etí òkun náà kì í ṣe ti iyanrìn tó tẹ́jú bí ti Badagry. Ògiri àpáta dúdú ni ó dojú kọ òkun Àtìláńtíìkì, níbòmíràn ó ga tó nǹkan bí 100 mítà. Ìgbì ń lù ú tọ̀sán-tòru, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí igi fi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ògiri yìí ni òkúta kan ti yọ jáde bí ahọ́n, tí ó wọ inú omi lọ. Kì í ṣe odidi àpáta kan. Òpó ni, nǹkan bí 40,000, tí wọ́n fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí bí afárá oyin. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ onígun mẹ́fà. Àwọn mìíràn ní igun mẹ́rin, márùn-ún, méje tàbí mẹ́jọ. Orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí omi òkun á fi kàn án lẹ́sẹ̀. Giant's Causeway ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní Afárá Òmìrán. Láti ọdún 1986 ni àjọ UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn Ohun Àjogúnbá Àgbáyé.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i, ohun tí ọkàn rẹ̀ á sọ fún un ni pé ẹnìkan ló gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe púrúǹtù nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ní ọdún 1693, Sir Richard Bulkeley kọ̀wé nípa òkúta náà sí Royal Society ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà sì ń jiyàn bóyá irin ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, tàbí òmìrán, tàbí ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò níbẹ̀ nìyí. Òmìrán kan wà ní Írẹ́lándì tí ń jẹ́ Finn McCool. Òmìrán mìíràn wà ní òdìkejì omi, ní Skọ́tlándì, Benandonner ni orúkọ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì a máa bú ara wọn láti etí omi sí etí omi. Ọjọ́ kan, inú bí Finn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ri òkúta mọ́lẹ̀, ó fi ṣe afárá gba orí òkun kọjá kí ó lè lọ bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fojú kan Benandonner, tí ó rí bí ó ti tóbi tó, ọkàn rẹ̀ já, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di ilé. Oonagh, ìyàwó rẹ̀, ni ó gbà á sílẹ̀. Ó fi aṣọ ọmọ wé e, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ọmọ-ọwọ́. Benandonner dé, ó ń bèèrè baálé. Obìnrin náà ní baálé ròde, ṣùgbọ́n kí àlejò jọ̀wọ́ má pariwo kí ó má baà jí ọmọ. Àlejò yọjú wo ọmọ. Bí ọmọ bá rí báyìí, báwo ni bàbá yóò ti rí? Ó sá, bí ó sì ti ń sá ni ó ń fọ́ afárá náà lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀ fi kù ní Antrim, tí díẹ̀ sì kù ní erékùṣù Staffa ní Skọ́tlándì. Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo dáadáa kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín sí i.

Ohun tí àwọn onímọ̀ òkúta sọ dùn ju èyí lọ lójú tèmi, n ó sì rọra sọ ọ́. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ ni. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Greenland ń fà kúrò lára ara wọn, ilẹ̀ ń lanu, òkúta tí ó ti yọ́ nínú lọ́hùn-ún sì ń gba ẹnu náà tú jáde. Ohun tí ó wà nílẹ̀ kí iná tó dé ni òkúta ẹfun, tí ìkarahun àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú òkun àtijọ́ kóra jọ di, pẹ̀lú òkúta flint nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìbọn ṣakabùlà láti ṣáná. Ẹni tí ó bá rìn díẹ̀ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, dé White Park Bay, á rí ẹfun náà ní gbangba: funfun nísàlẹ̀, dúdú lókè, bí ẹni gbé àmàlà lé orí iyán.

Iná náà kò ṣàn lẹ́ẹ̀kan kí ó sì parí. Ó ṣàn, ó tún ṣàn, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́. Ní àkókò ìdádúró yìí, ojú ọjọ́ ibẹ̀ gbóná, òjò sì pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Oòrùn àti òjò jẹ òkúta dúdú náà títí ojú rẹ̀ fi di ilẹ̀ pupa. Ilẹ̀ pupa náà ṣì wà lára ògiri àpáta títí dòní, ó tẹ́ láàárín dúdú ìsàlẹ̀ àti dúdú òkè bí ọ̀já tí obìnrin gbà mọ́dìí. Ẹ̀yin tí a bí sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́, ẹ mọ irú ilẹ̀ yìí dáadáa. Laterite ni, ìran ilẹ̀ pupa tí a fi mọ ilé àwọn bàbá wa. Èmi tí òtútù ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú ẹ̀wù méjì, mo dúró mo ń wo ilẹ̀ abúlé mi lára ògiri àpáta Írẹ́lándì.

Odò gbẹ́ àfonífojì sínú ilẹ̀ pupa náà. Nígbà tí iná tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó rọ́ wọ inú àfonífojì yìí, ó dúró síbẹ̀ bí adágún. Nítorí pé ó jìn, kò tètè tutù. Ohun tí ó bá ń tutù a máa súnkì, ohun tí ó bá sì ń súnkì níbi tí kò ti rí àyè fà sí, yóò lanu. Ẹ wo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ó ti ń pín sí wẹ́wẹ́ onígun púpọ̀. Ohun kan náà ni, àfi pé ti òkúta yìí kò mọ sí ojú nìkan: bí òtútù ti ń wọ inú rẹ̀ lọ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ ni lílanu náà ń tẹ̀lé e, títí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìlà lójú òkúta fi di ẹ̀gbẹ́ òpó. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Liverpool gbé irú òkúta yìí kan láti Iceland sínú ẹ̀rọ, wọ́n mú un gbóná, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa tutù. Wọ́n rí i pé láàárín ìwọ̀n 840 àti 890 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń lanu. Èyí fi hàn pé nígbà tí òpó onígun mẹ́fà wọ̀nyí ń pínyà, òkúta náà ṣì ń pọ́n bí irin nínú iná alágbẹ̀dẹ.

Kò sí òmìrán níbẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Bí ẹnìkan bá ní kí n yan láàárín Finn àti ọ̀gbàrá iná gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dá òpó wọ̀nyí, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà gan-an ni kò tọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu jẹ́ ẹlẹ́rìí. A kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí gbọ́ láìbi í léèrè, a kì í sì í lé e kúrò ní kóòtù nítorí pé ó wọ aṣọ eégún wá. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a bi í: kí ni ojú rẹ rí? Kí ni o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Kí ni ìwọ fúnra rẹ fi kún un?

Bí a bá bi ìtàn Finn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí ojú rẹ̀ rí lóòótọ́. Ó mọ̀ pé òkúta Antrim àti òkúta Staffa jọ ara wọn. Láàárín àwọn méjèèjì ju 120 kìlómítà lọ, òkun ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀ nínú ìtàn, yálà apẹja ni tàbí oníṣòwò, ó ní láti jẹ́ ẹni tí òun tàbí ará rẹ̀ ti rí ibi méjèèjì, tí ó sì mọ òkúta wò. Àwọn onímọ̀ òkúta kò sọ pé ìṣàn kan náà ni ó dá wọn. Ṣùgbọ́n láti inú ìgbà iná kan náà ni wọ́n ti jáde wá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìtàn náà mọ̀ bákan náà pé àwọn ènìyàn etí omi méjèèjì ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Níbi tí òkun ti fún jù láàárín Antrim àti Skọ́tlándì, kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, ènìyàn a máa rí òdìkejì lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ní ọ̀rúndún kẹfà àti keje, ìjọba kan ṣoṣo, Dál Riata, ni ó wà ní etí omi méjèèjì, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, afárá tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó wà níbẹ̀ nìyẹn: èdè Gaelic ni.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò ní ìtàn ìwáṣẹ̀ tiwọn. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Yúróòpù gbà pé inú omi ni òkúta dúdú yìí ti ṣẹ̀dá, pé ó rọ̀ sísàlẹ̀ òkun àkọ́kọ́ bí ògì ti ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. Àlùfáà kan ní àdúgbò náà, William Richardson, ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ní Portrush, tí kò jìnnà sí Afárá Òmìrán, ó rí ìkarahun ẹ̀dá inú òkun nínú òkúta dúdú. Ta ni yóò rí ìkarahun nínú òkúta tí yóò ní inú iná ni ó ti wá? Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà ńlá sílẹ̀. Ohun tí a wá mọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni pé òkúta ìkarahun yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú òkúta iná rárá. Ẹrẹ̀ òkun àtijọ́ ni, tí iná tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sun títí ó fi le, tí ó sì dúdú, tí ó wá jọ ọmọnìkejì rẹ̀ ní ojú lásán. Nicolas Desmarest, ará Faransé, ti sọ òtítọ́ ṣáájú. Ó ti rí irú òpó bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Auvergne, lẹ́bàá àwọn òkè ayọnáyèéfín tó ti kú. Nígbà tí ó wá wo àwòrán Afárá Òmìrán tí obìnrin ará Dublin kan, Susanna Drury, yà ní nǹkan bí ọdún 1740, ó ní ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹ kíyè sí i: ojú ayàwòrán tí kò fi ohunkóhun kún ohun tí ó rí ló ṣe ìrànlọ́wọ́ fún sáyẹ́ǹsì jù níbẹ̀.

Mo wá fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1588, ọkọ̀ ogun Sípéènì kan tí ń jẹ́ Girona fọ́ mọ́ àpáta Lacada, ní tòsí Afárá Òmìrán. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí ọba Sípéènì rán láti gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ti ṣẹ́ wọn, wọ́n ń wá ọ̀nà padà sílé. Girona sì ti kó àwọn ènìyàn ọkọ̀ mìíràn tó ti bàjẹ́ kún tirẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ju 1,000 lọ. Àwọn tó yè kò tó mẹ́wàá. Fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 ọdún, àwọn òpìtàn kò mọ ibi tí ọkọ̀ náà sùn sí gan-an. Robert Sténuit, ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ó mọ bí a ti ń wọ ìsàlẹ̀ òkun, ka ìwé àtijọ́ títí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó là á lójú ni máàpù. Ó rí orúkọ kan níbẹ̀: Port na Spaniagh. Èdè Gaelic ni, tí àwọn ayàmáàpù Gẹ̀ẹ́sì kọ bí ó ti dún létí wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Èbúté Àwọn Ará Sípéènì. Ó wọ omi níbẹ̀ ní ọdún 1967, ó sì bá ìbọn ńláńlá, owó wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹranko kékeré tó jọ alángbá, wúrà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n to òkúta pupa iyebíye sí i lẹ́yìn. Ulster Museum ní Belfast ni àwọn ìṣúra náà wà báyìí.

Àwọn ìwé ọba kò tọ́ka ibẹ̀ dáadáa. Apẹja tí kò mọ̀wé ni ó tọ́ka rẹ̀, nípa pé ó ń fi orúkọ náà pe ibẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìtàn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹlẹ́rìí náà ń rántí. Lókè Cushendall, ní ìhà ìlà-oòrùn Antrim, òkè kan wà tí ń jẹ́ Tievebulliagh. Níbẹ̀, òkúta gbígbóná gba inú ilẹ̀ pupa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọjá, ó sun ún bí amọ̀kòkò ti ń sun amọ̀, ilẹ̀ náà sì di òkúta líle kan tí ó ṣeé dán bí dígí. Ó ti lé ní 5,000 ọdún tí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ibẹ̀ ti ń gé òkúta yìí, tí wọ́n ń fi ṣe àáké. Wọ́n ti rí àáké Tievebulliagh káàkiri Írẹ́lándì àti Britain, títí dé gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Àwọn tó ṣáájú wọn tilẹ̀ wà: ní Mount Sandel, lẹ́bàá odò Bann, wọ́n hú ìpìlẹ̀ ilé roboto tó ti wà láti nǹkan bí 7,700 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Ẹja salmon àti wóró igi hazel wà lára oúnjẹ wọn.) Nígbà tí irin dé, ayé gbàgbé àáké olókúta pátápátá. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ Írẹ́lándì ń bá wọn pàdé nínú ebè, wọ́n sì ní òkúta tí àrá sọ sílẹ̀ ni. Wọ́n ń fi í sábẹ́ òrùlé kí àrá má baà sán lu ilé.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí n tún ṣe àlàyé fún ọmọ Yorùbá? Edun àrá ni! Àáké olókúta àwọn ará àtijọ́ ni edun àrá tí à ń rí lójúbọ Ṣàngó, lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Àwọn ará Antrim kò gbọ́ ọ lẹ́nu wa, àwa náà kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Níbi méjèèjì, ọwọ́ tí ó ṣe é ti di ìgbàgbé, ohun tí ó ṣe sì jọ ohun tí kò ti ọwọ́ ènìyàn wá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àkọ́kọ́ á ní: “Ọ̀gá, ẹ wò ó, irọ́ ni nígbà yẹn.” Bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn náà ṣìnà nípa ẹni tí ó ṣe àáké. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n kà á sí ohun mímọ́ ni wọn kò ṣe sọ ọ́ nù. Bí kò bá sí Ṣàngó ni, mélòó nínú rẹ̀ ni ì bá ti bá òkúta ìpìlẹ̀ ilé lọ?

Ohun tí ó dùn mí jù ní etí òkun yẹn ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Finn fúnra rẹ̀. Fionn mac Cumhaill ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gaelic. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ èdè náà, kì í ṣe òmìrán tí ń sá fún ìjà. Olórí àwọn ọdẹ àti jagunjagun ni, akéwì sì ni, ẹni tí ó tọ́ ẹja ọgbọ́n wò tí ó fi di amòye. Ìwé kan wà, Acallam na Senórach, tí wọ́n ṣàkójọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1200. Nínú rẹ̀, Caílte, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Fionn tí ikú gbàgbé, ń bá Patrick Mímọ́ rìn káàkiri Írẹ́lándì. Ibi tí wọ́n bá dé, Patrick á bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní orúkọ tí ó ń jẹ́, Caílte á sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ba àlùfáà náà pé bóyá ìtàn dídùn yìí ń gba àkókò àdúrà òun. Àwọn áńgẹ́lì sọ fún un pé kí ó mú kí àwọn akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò yọ̀ sí i. Mo fẹ́ràn àwọn áńgẹ́lì wọ̀nyí. Mo fẹ́ kí irú wọn yọ sí àwọn oníwàásù ìlú wa kan.

Nígbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ẹnu àwọn ará Antrim, amòye yẹn di òmìrán aláwàdà tí a fi aṣọ ọmọ wé. William Carleton wà lára àwọn tó kọ irú ìtàn ọmọ-ọwọ́ yìí sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1840, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín púpọ̀. N kò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá dé ibẹ̀ lónìí rò pé gbogbo ohun tí àwọn ará Írẹ́lándì àtijọ́ ní láti sọ nìyẹn. Orúkọ Gaelic ibẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀: Clochán na bhFomhórach. Òkúta ìtẹ̀kọjá ni clochán, èyí tí a ń tò sínú odò láti tẹ̀ kọjá. Àwọn Fomhóraigh sì ni àwọn ẹ̀dá abàmì tí àwọn ìtàn àtijọ́ so mọ́ òkun, tí wọ́n bá àwọn òrìṣà Írẹ́lándì jagun. Finn kò sí nínú orúkọ náà. Bákan náà ni Staffa: àwọn ará Scandinavia ni ó sọ ọ́ lórúkọ, èyí tí ó túmọ̀ sí erékùṣù òpó. Ihò tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ An Uaimh Bhinn ní Gaelic, Ihò Olóhùn Dídùn, nítorí ìró omi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí James Macpherson tẹ ewì rẹ̀ nípa Fingal jáde ní ọdún 1762, tí Joseph Banks sì bẹ Staffa wò ní ọdún 1772, ó di Fingal's Cave lẹ́nu gbogbo ayé. Ọ̀mọ̀wé ni ó fi akọni wé ihò náà lórí. Àwọn ará àdúgbò ti kọ́kọ́ fi etí wọn gbọ́ ọ.

Àríyànjiyàn kan wáyé níbẹ̀ ní ọdún 2012 tí ó kan ohun tí mo ń sọ gan-an. National Trust, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ibẹ̀, ṣí ilé àlejò tuntun. Nínú àlàyé tí àlejò ń gbọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un nípa àwọn tí ó gbà pé ayé kò ju nǹkan bí 6,000 ọdún lọ. Àwọn ènìyàn fárígá, wọ́n sì tún gbólóhùn náà kọ kí ọdún tó parí. Ohun tí ó wù mí kí ẹ ṣàkíyèsí ni èyí: ilé kan náà kún fún Finn àti Benandonner, kò sì sí onímọ̀ òkúta kan tí ó bínú sí wọn. Kí ló dé? Nítorí pé ìtàn Finn kò bá ẹnikẹ́ni du ọjọ́ orí òkúta. Ó ní àyè tirẹ̀. Ìgbà tí ìtàn bá gbé aṣọ sáyẹ́ǹsì wọ̀ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi kejì, ẹni tí ó ní àwọn baba wa ti mọ ohun gbogbo, kò fi lè ṣọ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń sọ Gaelic ti Antrim ní àwọn àfonífojì ibẹ̀ àti ní erékùṣù Rathlin wọ inú ọ̀rúndún ogún. Kò sí ẹni tó gbà á lẹ́nu ìyá rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Láti ọdún 1987 ni Queen's University ní Belfast ti ní iṣẹ́ àkànṣe kan lórí orúkọ àwọn ibi ní Àríwá Írẹ́lándì: wọ́n ń wá bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti hàn nínú ìwé láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n sì ń gbìyànjú láti mọ ohun tí ó ń sọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó lọ́ ọ. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ìyà tó wà nínú rẹ̀: ìwé ni wọ́n ń bi léèrè, nítorí ẹnu tí wọn ì bá bi ti pa dé.

Tiwa kò tíì pa dé. Ní Ìdànrè, ẹnìkan ṣì wà tí yóò fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn yín lórí àpáta, tí yóò sì fi ẹ̀ka-èdè ibẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ilé tí mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta mi nìyí, ẹ̀yin òǹkàwé náà sì lè bá wọn ṣe é. Kí olúkúlùkù mú orúkọ àpáta, òkè tàbí ihò márùn-ún wá láti ìlú rẹ̀, kí ó kọ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn bí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń pè wọ́n, kì í ṣe bí pátákó ojú títì ti kọ ọ́. Kí ó kọ ìtàn tí ó gbọ́ láìbu iyọ̀ sí i. Kí ó sì gé òkúta kékeré kan wá láti ìdí rẹ̀ bí wọ́n bá gbà á láyè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta ti ṣèlérí láti bá wa wò wọ́n.